Strip lẹ ó máa rà, ẹ̀rọ kọ́: ìfiwéra àwọn ẹ̀rọ ayẹ̀wò ṣúgà fún ìlò ilé

Ẹ̀rọ ayẹ̀wò ṣúgà méjì ló wà lórí tábìlì ní pálọ̀ màámi ní Iléṣà. Ọ̀kan dúdú, èmi ni mo rà á ní kẹ́mísì kan nítòsí Ọjà Atakúnmọ́sà. Èkejì funfun, ó rí rìbìtì bí ẹyin, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e ti London bọ̀ nígbà ọdún Kérésìmesì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, ó gún màámi níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ kan strip, ìyẹn pélébé tí wọ́n ń ki bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ funfun sì kọ 9.2. Màámi gbé awò ojú wọn wọ̀, wọ́n wò ó, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Mẹ́sàn-án péré! Èyí tí àbúrò rẹ rà yẹn, ọgọ́jọ-ọgọ́jọ ló máa ń kọ fún mi. Ṣúgà mi ti wálẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé odó jáde."

Kí a tó ṣàlàyé tán, ọmọ odó ti ń dún lẹ́yìnkùlé. Ṣúgà kò wálẹ̀ o. 9.2 ti ẹ̀rọ London àti 166 tí ẹ̀rọ Iléṣà ìbá kọ, iye kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Màá padà sórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi jókòó kọ nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ ní bí oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí strip 50 tó bá ẹ̀rọ funfun wá tán. Mo wá òmíràn kiri Iléṣà. Mo wá a dé Ilé-Ifẹ̀. Mo bẹ ẹnìkan kó bá mi wò ó ní Òṣogbo. Kò sí. Ọmọbìnrin tó ń tajà ní kẹ́mísì tó kẹ́yìn yẹ páálí ọwọ́ mi wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀rọ yín mà rẹwà o, àmọ́ a ò mọ ìyá rẹ̀ níbí." Ẹ̀rọ tó wọ́n ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta wá di ohun tí àwọn ọmọ ilé fi ń ṣe fóònù.

Òṣómàáló inú páálí

Àwa Ìjẹ̀ṣà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé òṣómàáló fún wa. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú onílùú, tí ọjọ́ owó bá pé, wọn kì í jókòó sórí àga tí onígbèsè bá gbé fún wọn. Òṣó ni wọ́n máa ń ló sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó á fi pé. Bí strip ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó san owó ẹ̀rọ. Strip á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín lóṣooṣù, kò sì ní dìde. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ta ẹ̀rọ lówó pọ́ọ́kú, tí wọ́n tilẹ̀ lè fi tọrẹ nígbà míì, torí strip ẹ̀rọ kan kì í bá òmíràn mu.

Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Kì í ṣe iye ọjà o, iye ọjà lè yí padà kí n tó kọ gbólóhùn yìí tán. Ká ní ẹ̀rọ kìn-ín-ní jẹ́ ₦15,000, tí ìgò strip 50 rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Ẹ̀rọ kejì jẹ́ ₦25,000, ìgò 50 tirẹ̀ sì jẹ́ ₦8,000. Ẹni tó ń yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ á lo strip 365 lọ́dún, ìyẹn ìgò 8. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀rọ kìn-ín-ní á gba ₦111,000, èkejì á gba ₦89,000. Ní ọdún kejì tí kò sí owó ẹ̀rọ mọ́, àlàfo tó wà láàárín wọn á di ₦32,000. Èyí tí ẹ sá fún nítorí pé ó wọ́n ni ìbá dín ìnáwó yín kù.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé kẹ́mísì, ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé eélòó ni ẹ̀rọ. Ẹ bi wọ́n léèrè pé: eélòó ni ìgò strip rẹ̀? Ṣé ó wà nílẹ̀ báyìí, kí n fojú rí i? Ta ló tún ń tà á nílùú yìí? Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló ń tà á, ẹ rọra gbé e padà sórí káńtà. Ọjọ́ tí ọjà bá tán lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rọ yín á di ẹyin funfun bíi tiwa. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti déètì tí strip máa bàjẹ́ pẹ̀lú. Èmi máa ń yí ìgò náà po lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sanwó, bí ẹni ń ra iṣu.

Àwọn tí ẹ ó bá lórí káńtà

Díẹ̀ nínú àwọn tí orúkọ wọn wọ́pọ̀ nìyí. µL tí ẹ máa rí níbẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Ṣíbí ìmutíì kan gba µL 5,000, ẹ fi ìyẹn mọ bó ṣe kéré tó.

| Ẹ̀rọ | Ẹ̀jẹ̀ tó ń fẹ́ | Bó ṣe ń kà á | Ohun tó yà á sọ́tọ̀ |
|---|---|---|---|
| Accu-Chek Active | µL 1 sí 2 | àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ | ẹ lè kán ẹ̀jẹ̀ sí strip níta ẹ̀rọ |
| Accu-Chek Instant | µL 0.6 | iná | kò gba kóòdù. Ọfà ń tọ́ka sí àwọ̀ |
| OneTouch Select Plus | µL 1 | iná | kò gba kóòdù. Aró, ewé, pupa |
| FreeStyle Libre | kò gba ẹ̀jẹ̀ ìka | omi abẹ́ awọ | apá ló ń gbé, ọjọ́ 14 |

Ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì wà láàárín èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kà á àti èyí tó ń fi iná kà á. Ní ti Accu-Chek Active, ẹ̀jẹ̀ máa ń yí àwọ̀ strip padà, ẹ̀rọ á wá tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti mọ bí àwọ̀ náà ṣe ki tó. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé tí ẹ bá yí ẹ̀yìn strip síta, ẹ ó rí ojú rìbìtì kékeré kan tó ti yí àwọ̀, ẹ sì lè fi wé àwọn àwọ̀ tó wà lára ìgò. Tí ẹ̀rọ bá kọ ohun tí kò bá àwọ̀ náà mu, ẹ ti mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé ó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, ojú dígí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí eruku bá gbẹ síbẹ̀, wàhálà dé.

Ní ti àwọn oníná, oògùn kan wà lára strip tó máa ń bá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jà, ìjà náà á mú iná bíńtín jáde, iná yẹn ni ẹ̀rọ ń kà. Strip wọn máa ń fa ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé bá fi straw mu mínírà. Ẹ kàn fẹnu strip kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni. Àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, irú èyí ni kí ẹ rà fún un, ẹ má bá a ra èyí tó máa kán ẹ̀jẹ̀ sí orí strip.

Ọ̀rọ̀ kóòdù ńkọ́? Àwọn ẹ̀rọ kan, bíi On Call Plus ti ilé iṣẹ́ ACON, máa ń lo chip kékeré tó bá páálí strip wá. Tí ẹ bá ṣí páálí tuntun, ẹ ó yọ chip àtijọ́, ẹ ó ki tuntun bọ̀ ọ́, nọ́ńbà tó bá sì yọ lójú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bá ti ara ìgò dọ́gba. Kò ṣòro fún ẹni tójú rẹ̀ ríran. Àmọ́ ẹni tó bá gbàgbé, irọ́ ni ẹ̀rọ á máa pa fún un láìsí àmì kankan. Fine Test tó ń ti Kòríà wá ní irú kan tó ń mọ kóòdù strip fúnra rẹ̀. Bí ẹni tó máa lò ó bá ń dá gbé, tó sì ti lé ní 60, èmi ò ní ra oní-chip fún un, bó ti wù kó dínwó tó.

Àwọ̀ ara OneTouch Select Plus dára fún ẹni tí nọ́ńbà kì í fi bẹ́ẹ̀ yé: aró túmọ̀ sí pé ó lọ sílẹ̀ jù, ewé pé ó wà níbi tó yẹ, pupa pé ó ga jù. Ẹ ṣáà béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ibi tí àwọ̀ ti ń yí bá ibi tó fẹ́ kí ṣúgà yín wà mu. Ohun tó jẹ́ ewé fún aláìsàn kan lè má jẹ́ ewé fún ẹlòmíràn.

Bluetooth, ibi ìpamọ́ tó lè gba iye 500 tàbí 700, gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ ẹ má tìtorí rẹ̀ san owó kún owó. Ìwé àjákọ olójú ewé 40 àti bírò ti ṣe gbogbo rẹ̀ fún màámi, tí wọ́n bá sì gbé e dé ilé ìwòsàn Wesley Guild, dókítà kò ní máa tẹ ẹ̀rọ kiri kó tó rí ohun tó ń wá.

Èyí tí kì í gúnni níka

Ẹ ó gbọ́ pé ẹ̀rọ kan wà tí a kì í gún ìka fún. Òótọ́ ni. FreeStyle Libre ti ilé iṣẹ́ Abbott ni wọ́n máa ń sọ jù. Ó dà bíi bọ́tìnnì ńlá, ẹ̀yìn apá lókè ìgúnpá ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, okùn tínrín kan á wọ abẹ́ awọ, á sì máa ka ṣúgà tọ̀sán tòru fún ọjọ́ 14. Fóònù tàbí ẹ̀rọ tirẹ̀ ni ẹ ó fi wo iye náà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń kà, omi tó wà láàárín ẹran ara ni, ìyẹn ló fi máa ń rìn lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Tí ṣúgà bá ń já bọ́ kíákíá, ẹ̀rọ á ṣì máa sọ ti àná, ká fi àwàdà sọ ọ́.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, tàbí ọmọdé tó ní ṣúgà, tàbí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ máa ń já lóru tí kò sì ní mọ̀, Ọlọ́run jẹ́ kí owó rẹ̀ wà. Àmọ́ 14 nínú 365 jẹ́ 26. Ìgbà 26 lẹ ó rà á lọ́dún. Òṣómàáló tó wọ kóòtù nìyẹn. Ẹni tó ń lo oògùn oníhóró, tí ara rẹ̀ sì dúró, kò nílò rẹ̀, ẹ̀rọ strip á tó o.

9.2 àti 166

Òṣùwọ̀n méjì ló wà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo mg/dL, àwọn ará Ìlú Ọba ń lo mmol/L. Ní Nàìjíríà, méjèèjì ló ń rìn, ẹ lè gba èsì láàbù ní ọ̀kan kí ẹ̀rọ ilé yín sì máa sọ èkejì. Tí ẹ bá fi 18 ṣe ìlọ́po mmol/L, ẹ ti dé mg/dL. 9.2 ní ìlọ́po 18 jẹ́ 165.6. Tí ìṣirò kò bá wù yín, ẹ da àwọn wọ̀nyí kọ sí iwájú ìwé: 3.9 ni 70, 5.6 ni 100, 7.0 ni 126, 10.0 ni 180, 11.1 ni 200. Ẹ̀rọ mìíràn wà tí ẹ lè yí òṣùwọ̀n rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni ilé iṣẹ́ ti tì pa. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ kí ẹ tó rà á, ẹ ra èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá ti ilé ìwòsàn yín mu, kí gbogbo ará ilé má baà máa ṣe ìṣirò láàárín òru.

Kí wá ni iye tó dára? Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ, ohun tí àwọn oníṣègùn àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ń lépa ni 80 sí 130 mg/dL kí wọ́n tó jẹun, kó má sì tó 180 ní wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Dókítà lè gba arúgbó láyè kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìṣubú ṣúgà léwu fún un ju ìgasókè díẹ̀ lọ. Ti aboyún sì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi ti aládùúgbò ṣe tiyín.

Tó bá lọ sábẹ́ 70, kíákíá ni: ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́rin nínú omi, tàbí ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà gidi nínú, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ zero sí lára. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò, tí kò bá tíì gòkè, ẹ tún un ṣe. Abẹ́ 54, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Ẹni tó bá sì ti dákú, ẹ má bu nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ̀rọ tún máa ń kọ HI nígbà míì. Màámi rí i lára ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n ní, "Ó ń kí ẹ." Kì í ṣe kíkí o. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ó túmọ̀ sí pé ṣúgà ti kọjá 600 mg/dL, kò sì ní nọ́ńbà láti kọ mọ́. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ tún un ṣe, tó bá ṣì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró wo ilẹ̀ kó mọ́.

Ṣé ẹ̀rọ ń parọ́?

Màámi yẹ ara wọn wò, ó kọ 142. Wọn kò gbà á gbọ́, wọ́n gún ìka mìíràn lójú ẹsẹ̀, ó kọ 151. Wọ́n ní kí n gbé onírọ́ yìí padà fún ẹni tó tà á.

"Màámi, méjèèjì ló ń sọ òótọ́."

"Báwo ni òótọ́ ṣe máa jẹ́ méjì?"

Ìwọ̀n àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 15197, tí wọ́n tún ṣe ní 2013. Ohun tó ní kí ẹ̀rọ ilé ṣe ni pé nínú 100 ìgbà, ìgbà 95 ó kéré tán, kó má jìnnà sí ti láàbù ju 15 mg/dL lọ tí ṣúgà kò bá tó 100, tàbí ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tó bá jẹ́ 100 sókè. Tí láàbù bá ní 200, ẹ̀rọ yín lè sọ 170, ó lè sọ 230, kò tíì jẹ̀bi. Tí láàbù bá ní 80, 65 sí 95 ni tirẹ̀. Nítorí náà ẹ má bá 142 àti 151 jà. Ẹ wo bí ìwé yín ṣe ń rìn láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀.

Ìdí tún ni èyí tí ẹ̀rọ ilé kò fi lè sọ fún ẹni tí kò tíì mọ̀ pé ó ní àtọ̀gbẹ. Láàbù ló ń sọ ìyẹn: 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìjẹun, tàbí HbA1c, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn, tó bá jẹ́ 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ẹ̀rọ lè sọ iye tó ga ju bó ṣe rí lọ fún un. Ẹni tó ní sickle cell sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, torí ó lè yí HbA1c náà po.

Ọsàn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, màámi pè mí, ohùn wọn ti yí padà. 284, láìtíì fi nǹkan kan sẹ́nu. Mo sáré dé. Mo bá abọ́ ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, èèpo rẹ̀ sì ká jọ bí ejò. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn wà nílé, àwọn ni màámi bó gbogbo rẹ̀ fún.

"Màámi, ṣé ẹ fọ ọwọ́?"

"Mo fi aṣọ nù ún."

Mo bu omi àti ọṣẹ, wọ́n fọ̀ ọ́, a jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo gún ẹ̀gbẹ́ ìka òrùka. 131. Omi ọsàn tó ṣẹ́kù lára ìka ló ń pariwo nínú ẹ̀jẹ̀ bíńtín yẹn. Ẹ rántí pé µL kan péré ni, ṣúgà bíńtín tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ti yí gbogbo rẹ̀ padà. Spirit kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ṣúgà ọsàn kúrò, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sì gbẹ, á da ẹ̀jẹ̀ rú. Ọṣẹ àti omi ni. Níbi tí kò bá sí omi rárá, ẹ nu ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ dànù, ẹ lo èkejì.

Ìka màámi ti gún iyán fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, awọ rẹ̀ le bí awọ ìlù. Ọ̀pọ̀ bírò tó ń gún ìka ló ní nọ́ńbà lórí tí a fi ń yan bí abẹ́rẹ́ ṣe máa jìn tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2, ẹ máa gòkè. Ẹ̀gbẹ́ ìka kò dunni tó àárín, ẹ máa yí ìka po. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ́ra, ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́, ẹ ju apá sísàlẹ̀, ẹ fa ìka láti àtẹ́lẹwọ́ wá síwájú. Ẹ má fún orí ìka bí ẹni fún ọsàn, omi ara á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Tí màámi bá ń ráhùn abẹ́rẹ́, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀rọ irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní nǹkan bí 1970, Ames Reflectance Meter, wúwo ju kílò kan lọ, dókítà nìkan ni wọ́n sì ń tà á fún. Richard Bernstein, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà tó ní àtọ̀gbẹ, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ dókítà ló bá a fi orúkọ tirẹ̀ rà á. Wọ́n á ní, "Ó kúkú ní ìyàwó rere."

Lancet, abẹ́rẹ́ kékeré yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí nọ́ńbà G rẹ̀ bá ṣe tóbi tó ló ṣe tínrín tó: 33G tínrín ju 28G lọ. Èyí tí mi ò ní gbọ́ àwáwí lé lórí ni bírò ìgúnka tí tọkọtaya jọ ń lò. Kódà bí ẹ bá pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè ṣẹ́kù lẹ́nu bírò, hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn, sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Níbi àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà, ẹ ní kí wọ́n ṣí abẹ́rẹ́ tuntun lójú yín, kí wọ́n má sì lo bírò tí wọ́n ti lò fún ẹlòmíràn. Èyí tí ẹ ti lò, ẹ kó o sínú ike ọṣẹ líle tó ní ìdérí.

Ìgò strip, ẹ dé e pa lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ti yọ ọ̀kan. Ọ̀rinrin ló ń pa á, ẹ sì mọ bí òjò Iléṣà ṣe rí ní oṣù kẹsàn-án. Má gbé e sí fíríìjì, má gbé e sí kíṣìnì, má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò fẹ́ ooru tó ju 30 °C lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣí i, irú kan ní kí ẹ má lò ó ju oṣù mẹ́ta lọ, irú kan ní oṣù mẹ́fà, irú kan ní títí di déètì ara ìgò. Ẹ kà á, ẹ sì fi bírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Tí ẹnìkan bá fẹ́ ka strip fún yín sínú ọ̀rá, bó ti wù kó dínwó tó, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa lọ.

Ibi tí strip ti ń sanwó ara rẹ̀

Ẹni tó ń gún insulin gbọ́dọ̀ yẹ ara rẹ̀ wò bí dókítà bá ṣe ní kó ṣe, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn. Ẹni tó ń lo oògùn oníhóró lè bi dókítà bóyá ó lè dín in kù, kó sì máa lo strip ní méjì-méjì: ọ̀kan kó tó jẹun, ọ̀kan ní wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí a ṣe pẹ̀lú iyán nìyẹn, torí ẹni tó bá ní kí màámi fi iyán sílẹ̀ pátápátá, kó lọ wá ìyá mìíràn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, òkèlè bí wọ́n ṣe máa ń jẹ ẹ́: 118 ṣáájú, 236 lẹ́yìn. Lọ́jọ́ kejì, iyán di ìdajì, ẹ̀fọ́ àti ẹja di ìlọ́po méjì: 121 ṣáájú, 171 lẹ́yìn. Màámi wo ìwé náà títí. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n kàn lọ gbé abọ́ kékeré kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, òun ni wọ́n sì ń lò títí di òní. Strip mẹ́rin péré ló ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè láti London. Ó ní ẹ̀rọ tuntun kan ti jáde, ṣé kí òun gbé e bọ̀ ní Kérésìmesì? Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Má gbé ẹ̀rọ kankan wá. Ìgò strip ẹyin funfun yẹn ni kó o dì wá. Mẹ́wàá."

Mo fa ìwé jáde, mo ṣírò rẹ̀ lójú wọn: mẹ́wàá jẹ́ strip 500, márùn-ún ni wọ́n ń lò lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 100 nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì. Déètì á ti kọjá lára àwọn kan kí wọ́n tó kàn wọ́n.

Wọ́n gbé fóònù padà sétí. "Mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Kó o sì wo déètì rẹ̀ kó o tó sanwó."